Ẹ Bi Wá Léèrè Nípa Ọkọ̀: Bí Ara Ọkọ̀ Asáré Bá Bàjẹ́ Nínú Ìjàm̀bá

Lẹ́tà tí ó wọlé lóṣù yìí lórí ọkọ̀ asáré, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní spọ́ọ̀sì kà, pọ̀ ju èyí tí a lè dáhùn tán lọ. A ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò, a sì gé àwọn mìíràn kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí wọ́n béèrè padà. Èyí tí ó ti Ṣómólú wá ni a fún ní àyè jù, nítorí pé ohun tí ó bi wá ni ó wà nídìí gbogbo ìyókù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra Ford Mustang tòkunbọ̀ kan, ti ọdún 2015, aláwọ̀ pupa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Third Mainland sí Adéníjì, bọ́ọ̀sì kan dúró lójijì níwájú mi, mo sì fi igun òsì iwájú ọkọ̀ gbá a. Bọ́ńpà fọ́, fẹ́ńdà òsì ká, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbé sókè, iná iwájú kan fọ́ yángá, airbag méjèèjì (àpò afẹ́fẹ́ tí ń wú jáde láti gba èèyàn) sì jáde. Panẹbítà tí ó ti ń bá mi tún Toyota mi ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ sọ pé òun yóò fi ṣéènì fa iwájú rẹ̀ jáde, òun yóò fi gáàsì àti òòlù na fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun yóò fi bọ́dì fílà, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ibi tí ó tẹ̀, tẹ́ ojú rẹ̀, pẹ́ńtà yóò sì kùn ún, gbogbo rẹ̀ kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má gbà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ṣómólú, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, a dúpẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀gbọ́n yín kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé panẹbítà yín kò mọ iṣẹ́. Irin ni ó mọ̀ ọ́n lò, ohun tí ẹ gbé ka iwájú rẹ̀ yìí kì í sì í ṣe irin. Láti ìgbà tí Ford ti gbé irú Mustang tí ẹ ń gùn yìí jáde ní ọdún 2015 ni ó ti jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti fẹ́ńdà iwájú rẹ̀ méjèèjì, kí iwájú ọkọ̀ lè fúyẹ́. Irin ni ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ti kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà kan náà, ojú lásán kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Irin máa ń pọ́n kí ó tó yọ́, ìdí nìyẹn tí ojú àgbà panẹbítà fi máa ń mọ ìgbà tí iná bá tó. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ní nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 660, tí kò tó ìdajì ooru tí irin ń gbà kí ó tó yọ́, yóò kàn dà sílẹ̀ lójijì láìkọ́kọ́ fi àmì kankan hàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi rán ara rẹ̀ níṣẹ́ lọ sí ọjà, mo ní kí n bá a ṣe iṣẹ́ kan tán kí ó tó dé, mo sì dojú gáàsì kọ bọ́nẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. Mo ń retí kí ó pọ́n, ihò tí ó tó orí ìgò ni mo rí. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí a bá tilẹ̀ lù ú láìfi iná sí i, bí a bá ṣe ń lù ú sí i ni yóò máa le sí i, títí yóò fi sán. Ewu mìíràn tún wà tí kì í tètè hàn: òòlù àti bírọ́ọ̀ṣì onírin tí a ti fi ṣiṣẹ́ lórí irin máa ń fi lẹ́búlẹ́bú irin sínú ara alumíníọ̀mù, bí omi bá sì ti dé ibẹ̀, alumíníọ̀mù náà ni yóò máa jẹrà lábẹ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ óò rí ọ̀dà tí ń wú bí ẹni tí iná jó. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń ya irin iṣẹ́ tí wọ́n ń lò fún un sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n na fẹ́ńdà náà rárá. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é mọ́ ara ọkọ̀, wọn kò jó o mọ́ ọn, ẹ tú u, kí ẹ sì wá òmíràn, yálà ní Ládípọ̀ tàbí kí ẹ ní kí ẹnì kan bá yín rà á láti Amẹ́ríkà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó ti ká ní àárín, bákan náà ni. Owó ni ìyẹn ń fẹ́, kò fẹ́ ìrònú púpọ̀.

Ohun tí ó fẹ́ ìrònú ni egungun tí ó wà lẹ́yìn fẹ́ńdà yẹn. Mustang kò ní ṣáásì tí ó dá dúró bíi ti tírélà, tí a lè gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí á sì tún un ṣe lọ́tọ̀. Ara rẹ̀ àti ṣáásì rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Irin gígùn méjì tí ó ní ihò nínú bí àpótí ni ó ti abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ jáde lọ síwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwọn ni wọ́n gbé ẹnjìnnì dání, àwọn náà sì ni wọ́n ṣe kí wọ́n lè rún kí ipá ìkọlù má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó. Kí ẹ ní kí wọ́n tú bọ́ńpà àti fẹ́ńdà kúrò, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo irin ti apá òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ lásán, tí kò ní ìṣẹ́po, a lè fà á padà. Bí ó bá ti ṣẹ́po bí ìgbà tí a ká bébà, ẹ má fà á. Kí wọ́n gé e ní ibi tí ilé iṣẹ́ Ford là sílẹ̀ pé kí á ti gé e, kí wọ́n sì jó tuntun mọ́ ọn. Irin tí ó ti ṣẹ́po tí a tún tẹ́ padà ti kú ní ojú ìṣẹ́po yẹn, ibẹ̀ ni yóò sì ti tètè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nígbà mìíràn.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì fa ọkọ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì wa. Wọ́n á so ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ igi tàbí òpó, wọ́n á fi jáàkì tàbí ọkọ̀ mìíràn fa iwájú, títí ẹni tí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò fi pariwo pé ó ti tó. Kí ni ó fi mọ̀ pé ó ti tó? Ojú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gba èyí mọ́ra ní ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a ṣe fún eré kì í gbà á mọ́ra, nítorí pé ìwọ̀nba àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbà láyè kò ju mìlímítà 3 lọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Orí tábìlì onírin tí ó ní ìdìwọ̀n ni ó yẹ kí wọ́n dè é mọ́, kí wọ́n máa fà á díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n má sì fi gáàsì mú irin ibẹ̀ gbóná kí ó lè rọ̀, nítorí pé irin líle tí wọ́n ń fi ṣe àwọn ibi wọ̀nyí láyé òde òní máa ń sọ agbára rẹ̀ nù bí iná bá kàn án. Kò ní yí padà lójú, kò ní yọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin tí ilé iṣẹ́ ṣe mọ́.

Ẹ̀yin fúnra yín lè mọ̀ bóyá egungun ọkọ̀ yín ti yẹ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú dúró gbọnrangandan, kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mìlímítà 2,720 ni ó yẹ kí ẹ rí lórí Mustang yín. Bí apá òsì bá kúrú ju ọ̀tún lọ, ohun kan ti sún sẹ́yìn, ó lè jẹ́ apá tí ó di táyà mú, ó sì lè jẹ́ egungun náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ojú nọ́ọ̀tì méjì níwájú àti méjì lẹ́yìn tí ó bára wọn dọ́gba, kí ẹ wọ̀n láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún, kí ẹ sì wọ̀n ìkejì tí ó dábùú rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, iwájú ọkọ̀ ti wọ́. Ẹ tún wo àlàfo tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn awakọ̀ àti ara ọkọ̀: bí ó bá fẹ̀ lókè tí ó sì há nísàlẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn bá ń ha nǹkan nígbà tí ẹ bá ń tì í, ìkọlù yẹn ti rìn jìnnà ju ibi tí ojú rí lọ.

Ti airbag, mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí i dáadáa. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n rán awọ bo ojú sítíárìn, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ ju fóòmù lọ, tí wọ́n sì ti fi ọgbọ́n pa iná rẹ̀ lórí dáṣíbọọ̀dù. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé òfo ni ó wà níwájú òun. Nígbà tí airbag bá jáde, bẹ́lítì ìjókòó náà ti ta ìbọn kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ láti fi fa èèyàn mọ́ àga, nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́lítì pẹ̀lú airbag, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀rọ tí ń pàṣẹ fún wọn wò. Bí ẹ bá gba ọkọ̀ padà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ sì wo iná airbag: ó gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Èyí tí kò kú kò dára. Èyí tí kò tàn rárá burú jù ú lọ.

Nípa ọ̀dà, kí wọ́n má kùn ún kí wọ́n tó dán gbogbo rẹ̀ wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ to fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná àti bọ́ńpà síra wọn láìkùn, kí àlàfo wọn dọ́gba, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ padà. Orúkọ àwọ̀ ọkọ̀ yín wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí ẹ bá rí PQ níbẹ̀, Race Red ni. Òun ni kí ẹ fún ẹni tí ń po ọ̀dà, kí ẹ má fún un ní “pupa” lásán, nítorí pé pupa pọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pò ó bó ti yẹ, oòrùn Èkó ti jẹ lára ọ̀dà àtijọ́, nítorí náà, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀dà tuntun rá wọ inú ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ kí ojú má baà rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Àsìkò òjò nìyí pẹ̀lú, ẹ má gbà kí wọ́n kùn ún ní gbangba, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kí ọ̀dà dídán ṣe funfun bí ẹni pé èéfín bò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè tó. Ṣùgbọ́n ẹ má lé panẹbítà yín lọ o. Bí wọ́n bá ti fi tábìlì tún egungun ọkọ̀ ṣe tán, iṣẹ́ títò àti dídọ́gba àlàfo fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gún, mo sì rò pé yóò ṣe é ju ẹlòmíràn lọ.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra Mustang ti ọdún 2016 kan. Mo mú òòfà dání lọ sí ibi tí ó wà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, láti fi wá ibi tí wọ́n ti fi bọ́dì fílà sí. Òòfà mú ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò mú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà iwájú rárá. Mo sọ fún ẹni tí ń tà á pé ẹlẹ́tàn ni, ó sì bínú gidigidi. Ṣé mo jẹ̀bi? (Òǹkàwé kan, Bódìjà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ jẹ̀bi, ẹ padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ìdáhùn òkè yìí, ẹ óò rí i pé alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe gbogbo ibi tí òòfà yín kọ̀ wọ̀nyẹn láti ilé iṣẹ́, òòfà kì í sì í mú alumíníọ̀mù. Bọ́ńpà náà, ike ni. Lórí ọkọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà yí padà: bí òòfà bá mú fẹ́ńdà iwájú, ìgbà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnì kan ti yọ èyí tí ó bá a wá, ó sì ti fi onírin olówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń pààrọ̀ fẹ́ńdà láìnídìí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́dì fílà wà lábẹ́ ọ̀dà, ẹ wá ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, kí ẹ sì rí i dájú pé ó lè ka ti alumíníọ̀mù, nítorí pé àwọn mìíràn kò mọ̀ ju irin lọ. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150. Bí ẹ bá rí ìlọ́po méjì rẹ̀, wọ́n ti tún un kùn. Bí ó bá ti lé ní 1,000, bọ́dì fílà ni ẹ ń wọ̀n. Fílà díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo wa ni a ń lò ó, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Èyí tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ yóò là nígbà tí oòrùn bá ń pa á tí ọ̀gbàrá òjò sì ń tù ú.

Ìbéèrè: Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé. Àbúrò mi tí ó wà ní Ìbàdàn ti rí Chevrolet Corvette ti ọdún 2008 kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ oníjàm̀bá ní gbàǹjo, ó sì ní kí n bá òun rà á kí n sì fi ránṣẹ́. Igun ọ̀tún iwájú rẹ̀ sán, ṣùgbọ́n ẹnjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ní panẹbítà òun yóò nà á padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni ẹ rí sí i? (Òǹkàwé kan, Houston)

Ìdáhùn: Ẹ bá wa sọ fún àbúrò yín pé kò sí ohun tí panẹbítà rẹ̀ yóò nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe Corvette 300 àkọ́kọ́ ní ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ọdún 1953 ni wọ́n ti ń fi fáíbà ṣe ara rẹ̀, wọn kò sì tíì fi irin bò ó títí di òní. Bí a bá fi nǹkan gbá fáíbà, kì í tẹ̀. Yálà kí ó ta padà sí ipò rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, tàbí kí ó sán.

Ibi tí ó ti ń ta padà yìí gan-an ni ẹ̀tàn wà. Pátákó fáíbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi àtè líle lẹ̀ mọ́ ara wọn tàbí mọ́ irin abẹ́ rẹ̀, ipá ìkọlù sì máa ń gba inú fáíbà kọjá lọ ṣí àtè ní ibi tí ó jìnnà sí ojú ìkọlù. Ọ̀dà ibẹ̀ lè má tilẹ̀ ha. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ọkọ̀ náà, ẹ lọ wò ó: ẹ fi ọwọ́ kan ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní iwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń dún tàbí tí ó ń mì, àtè ti ṣí.

Ibi tí ó bá sán kò ṣòro fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Yóò lọ̀ ọ́ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí ó fẹ̀ jìnnà sí ojú sísán náà, kí ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú. Yóò gé aṣọ fáíbà sí kékeré, ńlá àti èyí tí ó tóbi jù, yóò sì máa fi résìn lẹ̀ wọ́n léra wọn, títí wọn yóò fi kún ojú ibẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Résìn pọ́líẹ́sítà tí wọ́n ń tà káàkiri, tí a fi ń ṣe tánkì omi àti ọkọ̀ ojú omi, bá Corvette tí ó jáde ṣáájú ọdún 1973 mu. Èyí tí ó dé lẹ́yìn ìgbà náà, fáíbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù ni, ohun tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ó tètè kúrò nínú mọ́ọ̀dù ṣì wà nínú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí pọ́líẹ́sítà mú un dáadáa. Résìn tí wọ́n ń pè ní eépọ́sì ni kí wọ́n lò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dára lójú ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, yóò sì ṣí kí ọdún tó yí po.

Ẹ tún béèrè bóyá irú Corvette tí wọ́n ń pè ní Z06 ni, nítorí pé ti Z06 yàtọ̀: kábọ́ọ̀nù ni fẹ́ńdà iwájú rẹ̀, alumíníọ̀mù sì ni férémù rẹ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì jọ ti èkejì rárá. Ohun kan tún wà tí ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: igi ni ó wà nínú ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Igi balsa tí ó fúyẹ́ bí òwú ni wọ́n fi sáàárín pátákó méjì. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan ti gún un láti abẹ́ tàbí bóyá omi ti wọ inú rẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi ni pé bí férémù rẹ̀ kò bá yẹ̀, tí ó sì jẹ́ igun iwájú nìkan ni ó sán, ọkọ̀ náà yẹ ní rírà, bí òfin aṣọ́bodè Nàìjíríà bá ṣì gba ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyè, ṣùgbọ́n ẹ ra pátákó tí yóò rọ́pò èyí tí ó fọ́ láti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, kí ẹ sì kó o sínú ọkọ̀ náà kí wọ́n tó gbé e wọ kọ̀ǹténà. Wíwá a ní Nàìjíríà yóò gbà yín ní àkókò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mazda MX-5 ti ọdún 2017 ni mo ń wà, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Mo dúró sí ojú iná ní Lewisham ni ẹnì kan fi ọkọ̀ gbá mi lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní Category S ni, wọ́n fẹ́ san owó rẹ̀ fún mi kí wọ́n sì gbé e lọ. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí púpọ̀. Ṣé mo lè gbà á padà kí n tún un ṣe? (Òǹkàwé obìnrin kan, London)

Ìdáhùn: Ẹ lè gbà á padà, màdáámù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n ti pín ọkọ̀ oníjàm̀bá sí A, B, S àti N ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A àti B kò gbọdọ̀ padà sí títì mọ́. S túmọ̀ sí pé egungun ọkọ̀ bàjẹ́ ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe, N sì túmọ̀ sí pé egungun kò fara gbá. Nínú owó tí wọn yóò san fún yín ni wọn yóò ti yọ iye tí wọ́n tà á padà fún yín. Ẹ óò fi ìwé ọkọ̀ yín ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò náà, ẹ óò fi fọ́ọ̀mù V62 béèrè òmíràn lọ́wọ́ DVLA, àjọ ìjọba tí ń ṣe ìwé ọkọ̀ níbẹ̀, láìsan owó, wọn yóò sì kọ S sára rẹ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, yóò sì dín iye tí ẹ lè tà á lọ́jọ́ iwájú kù. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá yín ṣe adójútòfò rẹ̀.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ọkọ̀ tí kò ní òrùlé líle, ilẹ̀ rẹ̀ àti irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí òrùlé ń bá àwọn ọkọ̀ mìíràn ṣe. Ẹni tí ó bá gé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ de ọkọ̀ náà mọ́ tábìlì yóò rí i pé ọkọ̀ ti tẹ̀ ní àárín kí ó tó jó o padà. Fẹ́ńdà iwájú MX-5 yín ṣeé tú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ ara ọkọ̀. Alumíníọ̀mù ni ìdérí búùtù. Abẹ́ ọkọ̀ náà tún ní irin alumíníọ̀mù gígùn kan tí ó so jíà mọ́ dífà ẹ̀yìn. Bí ìkọlù bá ti ẹ̀yìn wá, kí wọ́n wo òun náà bóyá ó sán.

Ẹ má fi MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rí pé àtúnṣe náà dára. Àwọn tí ń ṣe MOT kì í wọn egungun ọkọ̀, àyẹ̀wò tí ìjọba sì ń ṣe tẹ́lẹ̀ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fagi lé e láti ọdún 2015. Ẹni tí yóò tún un ṣe ni kí ẹ ní kí ó fún yín ní bébà ìdìwọ̀n, ti ṣáájú àtúnṣe àti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò ní irú rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sí ibòmíràn, ì báà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ì báà jẹ́ ẹbí yín. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá sì jẹ́ pupa Soul Red ti Mazda, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kun irú rẹ̀ rí, nítorí pé ọ̀dà tí ń kọ mọ̀nà ni ó wà nísàlẹ̀, ọ̀dà pupa tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá wà lórí rẹ̀, kí ọ̀dà dídán tó bo gbogbo rẹ̀. Bí ọwọ́ pẹ́ńtà bá wúwo jù lẹ́ẹ̀kan péré, pupa náà yóò ṣókùnkùn ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ọmọ iṣẹ́ pẹ́ńtà ni mí. Nígbà tí a bá ń fi ọ̀dà tí a ń po hádénà mọ́ kun ọkọ̀ àwọn olówó, aṣọ ni mo fi ń bo imú. Ọ̀gá mi ní ó tó. Ṣùgbọ́n àyà máa ń fún mi lálẹ́. (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Kò tó, ọmọ mi. Ohun tí ó wà nínú hádénà yẹn ni wọ́n ń pè ní isocyanate, ó sì wà lára ohun tí ń fa ikọ́ fée jù lọ láàárín àwọn tí ń kun ọkọ̀. Aṣọ kò lè dá a dúró. Imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó dé ìwọ̀n tí ó lè ṣe èèyàn ní jàm̀bá, nítorí náà, má ṣe dúró de òórùn. Ìbòjú tí ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti inú ọ́ọ̀sì ni ó yẹ ọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tí ó bo ara, má sì ṣe ṣí i nígbà tí o bá kàn gbé gọ́ọ̀nù tí o fi ń fọ́n ọ̀dà sílẹ̀, nítorí pé èérí rẹ̀ tí ojú kò rí ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ti àyà tí ń fún ọ, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì dárúkọ ọ̀dà oníhádénà náà fún dókítà, má ṣe sọ fún un pé ikọ́ lásán ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ nǹkan yìí lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba díẹ̀ gan-an ni yóò máa dá a dúbúlẹ̀ lẹ́yìn náà. Títí ìwọ yóò fi rí dókítà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí ó jẹ́ kí o máa ha ọ̀dà, kí o máa lẹ bébà mọ́ fèrèsé àti iná, kí ẹlòmíràn máa kun kílíà, ìyẹn ọ̀dà dídán.